Àwọn Ọkùnrin Akọrin ti Morehouse

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, òkè òkun ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó parí yóò yà sí Ajído lẹ́bàá Àgbádárìgì, ẹ ó sì rí i pé kò jìnnà sí ilé tó bí a ti rò.

Ní ìlú Atlanta, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan wà tí a dá sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, Morehouse ni orúkọ rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, àwọn akọrin ilé-ẹ̀kọ́ náà àti àwọn akọrin Spelman, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn obìnrin tí ó wà ní àdúgbò kan náà, a máa kó ara wọn jọ láti kọ orin Kérésìmesì. Láti ọdún 1927 ni wọ́n ti dá àṣà yìí sílẹ̀. Bí ẹ bá ráyè jókòó sí àárín àwọn èrò, ẹ ó gbọ́ orin Látìnì, ẹ ó gbọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó sì gbọ́ orin tí àwọn ẹrú fi ẹnu dá nínú oko òwú. Nígbà tí ó bá yá, ìlù yóò dún, àwọn ọkùnrin yóò gbé ohùn sókè, ọ̀rọ̀ tí yóò sì ti ẹnu wọn jáde, Yorùbá ni! Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọmọ Yorùbá ni wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn kò lè kí ni ní "ẹ káàárọ̀" kí ahọ́n wọn má kọsẹ̀. "Betelehemu" ni orúkọ orin náà, ìbí Olúwa ni ó sì ń sọ.

Ta ni ó gbé èdè wa dé ẹnu àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ̀nyí? Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro, n ó sì sọ ọ́ láìpẹ́. Ìbéèrè tí ó le jù ni èyí: kí ni ó mú kí ẹnu wọn ṣí sílẹ̀ láti gbà á? Nítorí pé ìgbà kan wà tí ọmọ aláwọ̀ dúdú tí ó kàwé ní Amẹ́ríkà kò fẹ́ gbọ́ orin bàbá tirẹ̀ pàápàá, áḿbọ̀sì orin Áfríkà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 1829 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Georgia ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ẹrú ní ìwé kíkà. Òfin náà wà bẹ́ẹ̀ títí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà fi parí, tí a sì dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ní ọdún 1865. Ọdún méjì péré lẹ́yìn èyí, ní 1867, a ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan fún àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ náà, nínú ilé-ìsìn Onítẹ̀bọmi kan ní ìlú Augusta. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ni William Jefferson White, àlùfáà tí ó tún jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Èrò wọn ni láti kọ́ àwọn ọkùnrin tí yóò di oníwàásù àti olùkọ́. Ní 1879 ni wọ́n kó ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ sí Atlanta, ní 1913 ni wọ́n sì sọ ọ́ ní Morehouse.

Ní ọdún 1906 ni aláwọ̀ dúdú kọ́kọ́ di ọ̀gá àgbà níbẹ̀. John Hope ni orúkọ rẹ̀. Kò tíì gbóná lórí àga nígbà tí rògbòdìyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Atlanta ní oṣù Kẹsán-án ọdún náà. Àwọn jàǹdùkú aláwọ̀ funfun ya sí ìgboro, wọ́n ń fa àwọn ènìyàn dúdú bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n ń lù wọ́n pa. Ó kéré tán, ènìyàn dúdú 25 ni ó kú. Mo mú ọ̀rọ̀ yìí wá kí ẹ lè mọ irú ìlú tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń kọrin nínú rẹ̀. Kì í ṣe orin ìgbádùn lásán ni.

John Hope kò gbà fún àwọn tí ń sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni ó yẹ kí a kọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ó ní ohun gbogbo tí a ń kọ́ ọmọ aláwọ̀ funfun ni kí a kọ́ tiwọn pẹ̀lú. Ní ọdún 1911, ọkùnrin kan dé sí ilé-ẹ̀kọ́ náà láti kọ́ wọn ní orin, Kemper Harreld ni, ògbóǹtarìgì nínú títa fayolíìnì, èyí tí í ṣe gòjé àwọn òyìnbó. Ní ọdún náà gan-an ni a dá Ẹgbẹ́ Akọrin Ọkùnrin sílẹ̀. Àwọn òyìnbó a máa pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Glee Club. Láti Lọ́ńdọ̀nù ni orúkọ yìí ti wá, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń péjọ ní nǹkan bí igba ọdún ó lé sẹ́yìn láti fi ohùn lásán kọrin láìsí dùùrù. Yunifásítì Harvard ti dá tirẹ̀ sílẹ̀ láti 1858. Ohun tí àwọn ọmọ olówó fi ń dá ara wọn lára yá ni àwọn ọmọ ẹrú gbà, tí wọ́n sì sọ di iṣẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ó yẹ kí n sọ fún yín bí irú ẹgbẹ́ akọrin yìí ti rí. Nínú ẹgbẹ́ akọrin tí ẹ mọ̀ ní ilé-ìsìn, àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé ni wọ́n ń mú ohùn méjì òkè, àwọn ọkùnrin a sì mú tẹ́nọ̀ àti báàsì. Ṣùgbọ́n níbi tí kò sí obìnrin, àwọn ọkùnrin ni yóò pín ara wọn sí mẹ́rin: tẹ́nọ̀ kìíní, tẹ́nọ̀ kejì, ohùn àárín tí a ń pè ní bárítòn, àti báàsì. Ẹ kò ní mọ bí èyí ti ṣòro tó bí ẹ kò bá tíì dán an wò. Àwọn ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sún mọ́ra gan-an, bí ẹnì kan bá ṣìnà díẹ̀, etí gbogbo ènìyàn ni yóò mọ̀ ọ́n. Nínú ẹgbẹ́ onídùndún wa, ìyá ìlù lè sọ̀rọ̀ bí ó ti wù ú, kí gúdúgúdú àti àwọn yòókù máa gbè é lẹ́yìn. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ọkùnrin, kò sí ìyá ìlù. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá dára jù ní láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ti ẹnìkejì lè hàn, bẹ́ẹ̀ ni ìdí rẹ̀ kò ní yé ọmọ ọdún méjìdínlógún ní ọjọ́ kan.

Ọdún 42 gbáko ni Harreld fi ṣe iṣẹ́ yìí, láti 1911 títí di 1953. Ẹnìkan a máa fi ohun tí ó tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí ó lọ wá ipò ní ibòmíràn. Òun kò lọ.

Wàyí o, orin wo ni wọn ń kọ? Ibí ni ọ̀rọ̀ gbé wà. Àwọn ẹrú ní orin tiwọn tí a lè pè ní orin ẹ̀mí. Inú oko, inú àhéré, àti ibi ìpàdé àdúrà lóru ni wọ́n ti dá wọn. Kò sí ẹni tí ó kọ wọ́n sínú ìwé. Nígbà tí òmìnira dé, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tí ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ orin náà lẹ́nu wọn mọ́. Ojú ń tì wọ́n. Orin ìyà ni lójú wọn, orin ìgbà tí a ń tà wọ́n lọ́jà. Àwọn mìíràn sì wà tí kì í ṣe ìtìjú ni ó ń dí wọn lọ́wọ́ bí kò ṣe ọ̀wọ̀: ohun mímọ́ àwọn òbí wọn ni, kò yẹ kí a gbé e síta fún àwọn tí yóò fi rẹ́rìn-ín.

Ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, Fisk ní ìlú Nashville, ni ó kọ́kọ́ la ọ̀nà náà. Gbèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ yìí pa ní ọdún 1871, ni akápò rẹ̀ bá kó ọmọ mẹ́sàn-án, ọkùnrin àti obìnrin, ó ní kí wọ́n bọ́ sójú ọ̀nà láti fi orin wá owó. Orin àwọn òyìnbó ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ, owó kò sì wọlé tó nǹkan. Ìgbà tí wọ́n mú orin àwọn òbí wọn jáde ni gbogbo gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí dákẹ́ rọ́rọ́. Ní 1873 wọ́n kọrin níwájú Ọbabìnrin Victoria. Ilé ńlá tí wọ́n fi owó orin kọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ wọn ṣì dúró ní Nashville.

Ọ̀nà yìí ni Morehouse tọ̀ ní tirẹ̀, pẹ̀lú ohùn ọkùnrin nìkan. Wọ́n ń kọ orin àwọn àgbà olórin ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n sì ń kọ orin ẹ̀mí, wọn kò sì fi èkejì sí ìsàlẹ̀ èkíní. Bí wọ́n ti ń ṣí ẹnu fún ti Látìnì náà ni wọ́n ń ṣí i fún ti oko òwú, pẹ̀lú ìmúra kan náà.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo ènìyàn ni ó pàtẹ́wọ́ fún èyí. Ní ọdún 1934, Zora Neale Hurston, obìnrin òǹkọ̀wé tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, kọ̀wé pé orin tí a ń fi ohùn mẹ́rin tò létòlétò lórí pèpéle kì í ṣe orin ẹ̀mí gidi. Ó ní orin gidi kì í rí bákan náà ní ìgbà méjì. Inú ìjọ ni ó wà, níbi tí ẹnì kan ti ń dá a, tí àwọn yòókù ń gbà á bí ẹ̀mí ti bà lé wọn, tí kò sì sí olùdarí tí ń ju ọwọ́. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí àwọn obìnrin wa ti ń dárin níbi ìsìkú, tí ó sì tún gbọ́ orin náà lẹ́nu àwọn akọrin tí wọ́n wọ aṣọ funfun tò sí ilé-ìsìn, yóò mọ ohun tí obìnrin náà ń sọ. Nǹkan kan máa ń sọnù. Èmi kò lè jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n mo tún ń wò ó pé ta ni ì bá mọ àwọn orin náà lónìí, bí ó bá jẹ́ pé inú ìjọ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni ó wà títí tí àwọn arúgbó ibẹ̀ fi kú tán? A kò lè tọ́jú ẹja sí odò lẹ́yìn tí odò bá ti gbẹ.

Àwa náà mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣebí ìgbà kan wà tí ìlù kò gbọdọ̀ ré ẹnu ọ̀nà ilé-ìsìn kọjá ní ilẹ̀ Yorùbá, tí a ń fi ohùn orin àwọn òyìnbó kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, tí ọ̀rọ̀ sì ń dojú rú. Ẹ̀yin ẹ wo ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Bí ohùn orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ẹni tí ń yin Olúwa lè bá ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ oko. Àwọn bíi T. K. E. Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà ìjọ Krístì ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, fi ọjọ́ ayé wọn jà fún un pé kí ohùn orin máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ní 1953 ni ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde. Ọdún náà ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Fẹlá Ṣówándé padà sí Èkó láti wá máa bójú tó orin ní ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì, Ṣówándé tí ó ti to orin ẹ̀mí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà fún ẹgbẹ́ akọrin. Ní ọdún kan náà yìí, ní Atlanta, Harreld gbé iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni Wendell Phillips Whalum, ọmọ ìlú Memphis. Ọmọ ọdún méjìlélógún péré ni, kò sì tíì pé ọdún méjì tí ó jáde ní Morehouse náà. Ẹni tí ó jókòó sí àárín akọrin lánàá ni ó dìde dúró níwájú wọn lónìí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni orin ẹ̀mí ti wá gba ẹwù tuntun. Ó máa ń to àwọn orin náà fún ohùn ọkùnrin, "The Lily of the Valley" àti "Somebody's Calling My Name" wà lára èyí tí a mọ̀ ọ́n mọ́ jù, ẹgbẹ́ akọrin káàkiri Amẹ́ríkà sì ń kọ wọ́n.

Nígbà tí Whalum ń ṣe akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, ọmọ Nàìjíríà kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Babátúndé Ọlátúnjí ni, ọmọ Ajído, abúlé àwọn apẹja ní ẹ̀bá Àgbádárìgì, tí a bí ní 1927. Ó kà nínú ìwé ìròyìn òyìnbó kan pé ẹgbẹ́ Rotary ń ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́ láti lọ sí yunifásítì, ó kọ̀wé, wọ́n sì gbà á. Ní ọdún 1950 ni ó dé Amẹ́ríkà, ó sì jáde ní Morehouse ní 1954. Ìbéèrè tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi í nípa Áfríkà dùn ún wọra. Wọ́n ń béèrè bóyá kìnnìún ń rìn kiri ní ìgboro! Kì í ṣe ìwà ìkà ni ó mú wọn béèrè bẹ́ẹ̀, sinimá ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ọlátúnjí rí i pé ẹjọ́ ẹnu kò ní tó, ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí fi ìlù àti orin hàn wọ́n irú ẹni tí a jẹ́. Ìlù náà ni ó sọ ọ́ di olókìkí nígbà tí ó yá. Àwo orin rẹ̀, "Drums of Passion", tí ó jáde ní 1960, wọ ilé àwọn ènìyàn tí kò rí ọmọ Áfríkà rí.

Òun àti Whalum di ọ̀rẹ́. Nínú ọ̀rẹ́ yìí ni orin Kérésìmesì kan láti ilẹ̀ wa ti bọ́ sí ọwọ́ Whalum, ó sì tò ó fún àwọn ọkùnrin Morehouse. Ó fi ohùn mẹ́rin sí i, ó fi àyè sílẹ̀ fún ìlù. Whalum kò gbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n orin tí a bá dá ní èdè wa, ohùn ọ̀rọ̀ a máa wà nínú ohùn rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá di orin mú dáadáa ti di apá tí ó pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ mú. Ohun tí ó kù fún wọn láti jà pẹ̀lú ni "gb", tí ó sábà máa ń di "b" lẹ́nu àlejò.

Ẹ ó ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè tí mo bi yín. Ẹgbẹ́ tí ó ti fi ogójì ọdún kọ́ láti má ṣe tijú orin bàbá rẹ̀ ni orin wa wọ̀ sí. Ká ní ọdún 1870 ni Ọlátúnjí dé, a kò ní gbà á.

Nínú àwọn tí ó ti kọrin nínú ẹgbẹ́ náà, ọ̀kan wà tí gbogbo ayé mọ̀. Martin Luther King wọ Morehouse ní 1944, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó sì jáde ní 1948. Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà ni Benjamin Mays. Nígbà tí a yìnbọn pa King ní oṣù Kẹrin ọdún 1968, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà, lẹ́yìn ìsìn ní ilé-ìsìn bàbá rẹ̀, wọ́n gbé pósí rẹ̀ sórí ọmọlanke onígi tí ìbaaka méjì ń fà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé e, ó ju máìlì mẹ́ta lọ, títí dé ọgbà Morehouse. Níbẹ̀, ní gbangba, Mays arúgbó ni ó sọ̀rọ̀ ìdágbére lórí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Mays àti King ti bá ara wọn ṣe ìlérí pé ẹni tí ó bá kẹ́yìn ni yóò sọ̀rọ̀ níbi òkú ẹnìkejì. Àwọn akọrin Morehouse sì kọrin fún ẹni tí ó ti dúró ní ààyè wọn rí. Mo ti gbìyànjú láti fojú inú wo bí ó ti rí fún ọmọkùnrin kan nínú wọn, tí a ti kọ́ pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ohùn òun nìkan hàn, tí ẹkún sì wà lọ́fun rẹ̀.

Ọdún 1972 jẹ́ ọdún ńlá fún wọn. Ní oṣù Kìíní, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin Morehouse, tí Whalum jẹ́ olórí rẹ̀, pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin ńlá ti Atlanta, gbé eré olórin "Treemonisha" jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ lódindi. Scott Joplin, aláwọ̀ dúdú, ni ó kọ ọ́, ọdún 1911 ni ó sì tẹ̀ ẹ́, ọdún tí a dá ẹgbẹ́ akọrin náà sílẹ̀ gan-an. Kò rí ẹni tí yóò bá a gbé e sórí pèpéle títí ó fi kú ní 1917. Ní ọdún 1972 náà, ìjọba Amẹ́ríkà rán àwọn akọrin wọ̀nyí wá sí ilẹ̀ Áfríkà láti wá kọrin. Ilẹ̀ tí a ti kó àwọn baba ńlá wọn lọ nínú ọkọ̀ ẹrú ni ọmọ wọn padà sí pẹ̀lú aṣọ ìmúròde.

Whalum kú ní 1987, lẹ́yìn ọdún 34 lórí iṣẹ́ náà. David Morrow, tí ó ti wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìgbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ni ó gbà á. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: láti 1911, ó lé ní àádọ́rin ọdún kí ẹgbẹ́ náà tó ní olùdarí kẹta.

Ọlátúnjí ní tirẹ̀ kú ní California ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin ọdún 2003. Ọjọ́ kejì ni ì bá pé ọdún 76. "Betelehemu" ti kúrò ní ti Morehouse nìkan nígbà náà, ẹgbẹ́ akọrin ní oríṣiríṣi ilẹ̀ ti ń kọ ọ́, tọkùnrin tobìnrin. Lórí ìwé orin náà tí a tẹ̀, níbi tí a máa ń kọ orúkọ ẹni tí ó dá orin sí, ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀ ni "Via Olatunji". Látìnì ni "via", ọ̀nà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wọn kò pè é ní ẹni tí ó dá a. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó gbà kọjá. Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé e lẹ́nu, bóyá ní ìjọ kékeré kan ní etí ọ̀sà, pẹ̀lú ìlù méjì àti àtẹ́wọ́, kò sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.